Àtùpà Iyàrá Ìyá Wa Kò Ní Ọdún

Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, wọn a gbé àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún jáde. Láti ìrọ̀lẹ́ ni wọn a ti tan án, a sì máa jó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Àtáọ́ja a jáde wá, a jó yí i ká pẹ̀lú àwọn ìjòyè àti àwọn olórìṣà, àwọn èrò a sì máa wò. Àwọn àlejò òkè òkun náà a máa wá, pàápàá láti ọdún 2005 tí àjọ UNESCO ti ka igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ogún àjùmọ̀ní gbogbo ayé. Àtùpà yìí ní olùtọ́jú, ó ní ọjọ́ tirẹ̀, ó ní orin, bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ gbàgbé rẹ̀, odindi ìlú ni yóò bi í léèrè.

Kì í ṣe àtùpà yẹn ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí. Èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jẹ wá lọ́kàn ni àtùpà tí kò ní ọdún, tí kò ní ìjòyè, tí ọba kankan kò jó yí ká rí: fìtílà kékeré tí ń tàn nínú iyàrá tí a ń sùn sí nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, bí ó bá di ojú rẹ̀ díẹ̀, yóò rí i: ibi tí ó wà lára ògiri, bí iná rẹ̀ ti ń mì lẹ́lẹ́, òórùn epo rẹ̀, àti ọwọ́ ẹni tí ń yí i sílẹ̀ nígbà tí oorun bá ti ń kùn wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní kí ọmọ ọmọ rẹ̀ bá òun wá òwú àtùpà, ọmọ náà yóò máa wò ó bí ẹni tí àgbàlagbà sọ èdè àjèjì sí ni. Àwọn ilé alámọ̀ tí àtùpà wọ̀nyí ti jó sì ń wó lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a kò bá sọ ọ́ nísinsìnyí, a kò mọ ẹni tí yóò sọ ọ́.

Kí epo òyìnbó tó dé, epo pupa, àdín àti òrí ni a fi ń tan iná. Àwo amọ̀ kékeré tí ó ní ẹnu ṣóńṣó ni àwọn amọ̀kòkò ń mọ fún un. A ó da epo sínú rẹ̀, a ó lọ́ òwú, a ó tẹ̀ ẹ́ bọ inú epo, a ó yọ orí rẹ̀ sí ẹnu àwo náà, a ó sì ti iná bọ̀ ọ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ a máa rọ ti irin fún ilé ọlọ́lá àti fún ojúbọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ rìn lóru, ògùṣọ̀ tí a fi ìhá ẹyìn dì ni yóò mú lọ́wọ́. Nígbà tí kẹrosíìnì gba ìlú kan, àwọn oníṣẹ́ páànù wa kò káwọ́ gbera. Wọ́n mú agolo wàrà tí a ti mu tán, wọ́n jó ọrùn tóóró mọ́ ọn lórí, wọ́n fa òwú gba ibẹ̀ kọjá, àtùpà alágolo sì dé. Èyí ni púpọ̀ nínú wa mọ̀ jù. Ọ̀gá rẹ̀ ni láńtánì, tí ó ní gíláàsì, tí ó ní ọwọ́ tí a fi ń gbé e kọ́, tí ó sì ní ohun yíyí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a fi ń gbé òwú sókè tàbí sísàlẹ̀. Ní ti gáàsì, èyí tí a ń fún ní afẹ́fẹ́ bí ẹni ń fún táyà kẹ̀kẹ́, ọjọ́ òkú àgbà, ọjọ́ ìgbéyàwó àti ọjọ́ àlejò pàtàkì ni a ń rí i.

Orúkọ náà gan-an ní ìtàn. Láti inú èdè Lárúbáwá ni ‘fìtílà’ ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ó gbé túmọ̀ sí òwú tí a lọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ni ó gbà wọlé tọ̀ wá. Nígbà tí àwọn Onígbàgbọ́ sì fẹ́ túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà tí ó ti ẹnu àwọn Mùsùlùmí wá ni wọ́n lò. Kò sí ẹni tí ó bá ẹnì kejì jà lórí rẹ̀. Nínú agboolé tí a gbé tọ́ wa ní Ìbàdàn, fìtílà tí àwọn kan fi ń jí jẹ sààrì nínú oṣù Ràmádáánì ni àwọn mìíràn ń yá láti fi lọ sí ìsìn àìsùn.

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú iyàrá náà wàyí. Fèrèsé rẹ̀ kéré, pákó ni ìlẹ̀kùn fèrèsé náà, bí ó bá sì ti di alẹ́, títì ni a ń tì í nítorí afẹ́fẹ́ àti ẹ̀fọn. Ní ara ògiri, ní ibi tí ó ga díẹ̀ ju orí ọmọdé lọ, ihò onígun mẹ́rin kan wà tí a gbẹ́ síbẹ̀ láti ìgbà tí amọ̀ ògiri ti tutù. Ibẹ̀ ni ìjókòó àtùpà. Ẹni tí ó mọ ilé náà ti ro ọ̀rọ̀ iná kí ó tó ro ọ̀rọ̀ àpótí aṣọ. Ó gbé e jìnnà sí ibùsùn, ó gbé e jìnnà sí okùn tí a ń fi aṣọ kọ́, ó sì fi ara ògiri dáàbò bò ó kúrò lọ́wọ́ atẹ́gùn ẹnu ọ̀nà. Lókè ihò náà ni èéfín ti ya ahọ́n dúdú gbọọrọ kan sí ara ògiri. Bí a ti ń fi ẹfun kun ilé lọ́dọọdún tó, ahọ́n yìí a tún yọ padà kí oṣù méjì tó pé. Ní ilé àwọn tí ó ní láńtánì, ìṣó ńlá kan ni ó wà lára òpó ìlẹ̀kùn, ìṣó yìí a sì ti dán nítorí ọwọ́ àtùpà tí ń kọ́ ọ, tí ń kọ́ ọ, ní alaalẹ́.

Iṣẹ́ àtùpà kì í dúró de òkùnkùn. Nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀ ni a ó rán ọmọ kan pẹ̀lú ìgò pé kí ó lọ ra kẹrosíìnì wá, a ó fi àrọ dà á sínú àtùpà kí ó má ṣe ṣòfò. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kéré jù, tí ó lè wọ inú gíláàsì láńtánì, ni iṣẹ́ nínu gíláàsì ń bọ́ sí lọ́rùn. Eérú kíkúnná àti àkísà ni yóò fi nù ún títí yóò fi dán gbinrin. Àwọn àgbà a sì máa kì í nílọ̀ pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí omi kán sí i nígbà tí ó bá gbóná, nítorí pé ẹ̀kán omi kan péré tó láti là á sí méjì, owó gíláàsì kò sì sí nílẹ̀. Bí ìdí àtùpà alágolo bá ń jò, ọṣẹ ni a fi ń dí i. A ó gé orí òwú tí ó ti jó kí iná má baà máa rú èéfín. Gbogbo èyí, ọmọ ọdún méje mọ̀ ọ́n.

Ní ilé tiwa, ọmọ tí ó bá gbé àtùpà wọlé ni yóò kọ́kọ́ kí àwọn àgbà pé ẹ kú alẹ́, kí àwọn yòókù tó tẹ̀lé e. Ó dà bí ẹni pé kò sí ìdí fún un, ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí àwọn baba wa wí, pé òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Nínú òkùnkùn, ọmọdé lè fi ara gbún àgbà, ìyàwó lè fi ẹ̀yìn kọ ìyá ọkọ rẹ̀. Nígbà tí iná bá dé, ojú a rí ojú, olúkúlùkù a sì padà sí ipò rẹ̀.

Ipò yìí hàn nínú àtùpà pẹ̀lú, kò sì dára kí a fi bò. Ìmọ́lẹ̀ ilé kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn bákan náà. Bí gáàsì bá wà, ti pálọ̀ bàbá ni. Láńtánì tí ó dára jù, ti bàbá ni pẹ̀lú. Àtùpà alágolo ni ti iyàrá àwọn ìyàwó àti ti àwa ọmọ. Bí àlejò bá dé lóru, wọ́n lè wá mú ìmọ́lẹ̀ tiwa lọ láti fi kún ti pálọ̀, àwa a sì jókòó nínú òkùnkùn títí àlejò yóò fi lọ. Ìyá tí ó bá ń pàtẹ ní ọjà alẹ́ náà, àtùpà iyàrá rẹ̀ ni ó ń gbé lọ sórí àtẹ. Ẹni tí ó bá rí ọjà alẹ́ ìgbà náà yóò sọ pé ìràwọ̀ ni ó já lulẹ̀ lọ bẹẹrẹbẹ, àtùpà lórí àtẹ ẹ̀kọ, àtùpà lórí àtẹ àkàrà, àtùpà lórí àtẹ iṣu sísun. Ẹwà rẹ̀ kò kéré. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àtùpà wọ̀nyí, iyàrá kan wà tí ó ṣókùnkùn, tí àwọn ọmọ inú rẹ̀ sì ń dúró de ìyá àti ìmọ́lẹ̀ pọ̀.

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, iṣẹ́ tuntun bọ́ sí àtùpà iyàrá lọ́rùn. Ilé tí kò ní ọmọ ilé-ìwé rí wá ní mẹ́rin, márùn-ún, tí gbogbo wọn ní láti ka ìwé kí wọ́n sì ṣe ìṣirò kí ilẹ̀ tó mọ́. Àtùpà alágolo kan ṣoṣo ni yóò wà láàárín, orí wa yóò sì yí i ká bí orí ewúrẹ́ ti ń yí èèpo iṣu ká. Ẹni tí ó bá sún mọ́ iná jù, irun rẹ̀ a rùn. Ẹni tí ó bá jìnnà, kò ní rí lẹ́tà. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọmọkùnrin tí yóò ṣe ìdánwò ni ó ń sún mọ́ iná. Ọmọbìnrin ni a ń rán pé kí ó lọ fọ àwo ná. Nígbà tí yóò fi parí, epo ti ń tán lọ. Àwọn ọmọbìnrin ìgbà náà tí wọ́n ka ìwé dé òpin, ẹ bá wa kí wọn ní àkíyún, nítorí àtùpà kò fara mọ́ wọn.

Ohun kan wà tí àtùpà kékeré yìí ṣe tí àwọn òǹkọ̀wé àṣà kì í sábà kà sí, èyí ni pé òun ni ó jẹ́ kí ààlọ́ rí àyè. A mọ̀ pé a kì í pa ààlọ́ lọ́sàn-án, àwọn àgbà a sì fi èèwọ̀ dẹ́rù ba ọmọ tí ó bá dán an wò. Bí òṣùpá bá yọ, ìta gbangba ni a ń lọ, a kò sì nílò fìtílà. Ṣùgbọ́n ní ìgbà tí òṣùpá kò bá sí, tàbí ní àkókò òjò, inú iyàrá ni a ń gbé pa á, àgbà tí yóò pa ààlọ́ yóò sì kọ́kọ́ yí iná sílẹ̀. Epo wọ́n, etí kò sì nílò ìmọ́lẹ̀ láti fi gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìwọ̀nba iná tí ó kù a máa gbé òjìji gbogbo wa sí ara ògiri, ó tóbi, ó ń mì. Nígbà tí ìyá àgbà bá na ọwọ́ láti fi hàn bí Ìjàpá ti na ọrùn, ògiri a na ọrùn pẹ̀lú. Àwa náà a máa fi ìka wa ṣe ehoro, a fi ṣe ẹyẹ, títí ẹnì kan yóò fi pàṣẹ pé kí a sùn.

Lẹ́yìn èyí ni a ó tẹ́ ẹní, a ó sì tò sórí rẹ̀ bí ẹja tí a tò sórí àwọ̀n iná. Bí ọmọ ọwọ́ bá wà nínú iyàrá, tàbí bí ara ọmọ kan kò bá yá, a kì í pa àtùpà. A ó yí i sílẹ̀ títí yóò fi kù bí ojú ológbò. Láàárín òru, ìyá a dìde, a gbé e kúrò nínú ihò rẹ̀, a sì mú un kọjá lórí wa láti ọ̀kan dé èkejì. Kò kà wá, nítorí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ojú ni ó ń wò. Yóò fa aṣọ bo ẹni tí aṣọ ti ká kúrò lára rẹ̀, yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí ẹni tí ń mí gúlegúle. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ibà ìbá gbé lọ ni a tètè rí nínú ìmọ́lẹ̀ kékeré náà.

Àwọn kan wà tí ń sọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ bí ẹni pé oyin ni gbogbo rẹ̀. A kò sí lára wọn. Ẹni tí ó bá sùn pẹ̀lú àtùpà alágolo, bí ó bá fun imú rẹ̀ ní òwúrọ̀, dúdú ni ohun tí yóò jáde. Èéfín tí ó kun ògiri, ó kun àyà pẹ̀lú. A mọ ilé tí àwọ̀n ẹ̀fọn ti fa iná, a mọ ọmọ tí ó gbé ìgò kẹrosíìnì mu, tí ó rò pé omi ni. Ní àwọn ọdún tí ó tún tẹ̀ lé e, àwọn ọ̀dàlẹ̀ oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí da epo bẹntiróòlù lú kẹrosíìnì, àtùpà a sì máa bú gbàù lójú ẹni tí ń tan án. Àpá rẹ̀ wà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn títí di òní. Ẹni tí ó bá ní kí a padà sí kẹrosíìnì nítorí àṣà, ẹ bi í léèrè bí ó bá ti fún imú èéfín rí.

Iná ẹ̀lẹ́tíríìkì wọ ilé wa díẹ̀díẹ̀. Àjọ ECN tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1950 ni ó kọ́kọ́ fa wáyà dé ọ̀pọ̀ ìlú. Ìdídò omi Káínjí sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1960. Ní ọdún 1972 sì ni Nẹ́pà gba iṣẹ́ náà. Gílóòbù kan ṣoṣo ni iyàrá kan ń ní, ní àárín àjà gan-an, wáyà ni ó fi kọ́ síbẹ̀ láìní ìbòrí. Ohun ìtanná rẹ̀, dúdú, rìbìtì, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, bí a bá sì tẹ̀ ẹ́, a dún tá! Ní ilé tí a háyà, iye gílóòbù ni a fi ń pín owó iná, àwọn onílé mìíràn a sì máa pa iná gbogbo ilé ní aago mẹ́wàá, ẹni tí ń kàwé ì báà máa kàwé. Àwọn ọmọ́ńlé ni ó kọ́kọ́ mọ rírì rẹ̀. Orí àjà ni wọ́n kó lọ láti máa ṣọdẹ kòkòrò. Iná yìí dúró gbọin-in, kò mì, òjìji kò sì jó lára ògiri mọ́. Ihò àtùpà di ibi tí a ń kó abẹ́rẹ́, òwú ìránṣọ àti kọ́bọ̀ sí. Láńtánì wọ abẹ́ ibùsùn, ṣùgbọ́n a kò gbé e jù nù, nítorí pé kò pẹ́ rárá tí a fi mọ irú ẹni tí Nẹ́pà jẹ́.

Nẹ́pà yí orúkọ padà ní ọdún 2005, wọ́n sì tà á fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ní ọdún 2013, síbẹ̀ Nẹ́pà ni ọmọ tí a bí lánàá ṣì ń pè é bí iná bá dé. Ní ọdún 2024, àìmọye ìgbà ni wáyà àpapọ̀ orílẹ̀-èdè yìí dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà ni wọ́n sọ pé àwọn tí wọ́n wà ní ìsọ̀rí A yóò máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́, ṣùgbọ́n owó wọn yóò ju ti àwọn yòókù lọ fíìfíì. Nígbà tí a gbọ́ ọ, pálọ̀ bàbá àti àtùpà alágolo ni a rántí. Àwọn kan ra jẹnẹrétọ̀, wọ́n gbé e sí ẹnu fèrèsé nítorí olè, èéfín rẹ̀ sì pa odindi ìdílé lójú oorun. Èyí ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ilẹ̀ yìí. Iná oòrùn tí ó ń dé báyìí sàn ju gbogbo wọn lọ, a kò sì ní ohun tí a ó fi bá a jà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo iyàrá àwọn ọmọ wa lóru òní. Gílóòbù lókè kò tàn, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní iná tirẹ̀ lọ́wọ́, ó fi aṣọ bo orí, tẹlifóònù ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i lójú. Àwọn mẹ́rin wà ní iyàrá kan, iná mẹ́rin ni, kò sì sí èyí tí ó tàn sí ẹlòmíràn lára wọn. Òbí tí ó bá ṣí ìlẹ̀kùn, òkùnkùn ni yóò rí, nítorí pé gbogbo wọn yóò ti pa á pọ̀ lójijì. Kò mọ ẹni tí ó sùn, kò mọ ẹni tí ń sunkún. A kò bẹ̀rù tẹlifóònù. Òun ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń kàwé. Ọwọ́ tí ń gbé ìmọ́lẹ̀ kọjá lórí wa láàárín òru ni a ń wá.

Ní ilé àtijọ́ kan tí a dé láìpẹ́ yìí, ihò àtùpà ṣì wà lára ògiri. Tẹlifóònù méjì ni wọ́n gbé síbẹ̀, tí wáyà ń fún ní iná. Ahọ́n èéfín dúdú ṣì wà lókè wọn. A bi ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ni iyàrá náà léèrè ohun tí ó fa dúdú yẹn. Ó ní òjò ni.

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ẹni tí ìyá rẹ̀ tàbí ìyá àgbà rẹ̀ bá ṣì wà láyé, kí ó bi í léèrè ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí: níbo ni àtùpà ń gbé nínú iyàrá rẹ̀, ta ni ń tan án, epo wo ni wọ́n ń lò, kí ni wọ́n sì ń pè é ní ìlú rẹ̀? Orúkọ rẹ̀ ní Èkìtì lè má jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, ti Ọ̀yọ́ lè má jẹ́ ti Oǹdó tàbí ti Kétu. Ẹni tí ó bá fẹ́ wó ilé alámọ̀, kí ó kọ́kọ́ ya àwòrán ògiri iyàrá náà. Ẹ fi ohun tí ẹ bá gbọ́ ránṣẹ́ sí ojú ewé yìí. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde, a ó sì kọ orúkọ ìlú yín sí abẹ́ rẹ̀.